Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Ya Ohun Tí Ojú Rẹ̀ Rí

Olùkọ́ mìíràn a máa ya ìkòkò sí ojú pátákó, a sì pàṣẹ pé kí gbogbo kíláàsì ya irú rẹ̀ gan-an. Ẹni tí ìkòkò tirẹ̀ bá jọ ti olùkọ́ ni yóò gba máàkì jù lọ. Ẹni tí ó bá ya ìkòkò ìyá rẹ̀, tí èéfín ti sọ di dúdú, tí etí rẹ̀ sì ti ṣẹ́, yẹ̀yẹ́ ni a ó fi í ṣe. Àwa kò fara mọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ kejì yìí ni ó ti ń fi ojú ara rẹ̀ wo ayé, èyí tí í ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ọnà.

A kò wí pé kí olùkọ́ káwọ́ gbera. Inú ìdílé agbẹ́gilére ní Ìlá Ọ̀ràngún ni a bí Lamidi Fakeye sí, síbẹ̀ ó tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bandele, ọmọ Areogun, kí ó tó di ọ̀gá tí ayé mọ̀. Iṣẹ́ ọ̀gá ni láti kọ́ ọmọ ní ìlò ọwọ́. Kò gbọdọ̀ gba ojú lọ́wọ́ rẹ̀.

Àtinúdá kò sì ní ẹ̀yà kan ṣoṣo. Ní ìgbà tí òyìnbó púpọ̀ gbà pé adúláwọ̀ kò lè ya ènìyàn kí ó jọ ọ́, Aina Onabolu ya Ìyáàfin Spencer Savage ní Èkó ní 1906, ó sì jọ ọ́. Òun náà ni ó rọ ìjọba amúnisìn pé kí a máa kọ́ àwòrán yíyà ní ilé-ìwé. Ní 1958, Uche Okeke, Demas Nwoko, Yusuf Grillo, Bruce Onobrakpeya àti àwọn ẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Zaria. Wọ́n ní àwọn yóò mú èyí tí ó dára nínú ẹ̀kọ́ òyìnbó, àwọn yóò sì fi kún ọnà àwọn baba wọn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má sì ṣe fa àṣìṣe ọmọ ya. Ní 1967, nígbà tí Onobrakpeya ń ṣe olùkọ́ ní St. Gregory's College, Èkó, ásíìdì ba irin pẹlẹbẹ tí ó ń fín jẹ́. Kò sọ ọ́ nù. Láti inú ìbàjẹ́ náà ni ó ti rí ọgbọ́n tuntun nínú àwòrán títẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní January 1955 kò pin sí ìwé kíkà àti ìṣirò nìkan. Nígbà tí olùdíje bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í léèrè: ilé-ìwé ìlú wa yóò ha ní olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, ọ̀dà àti pépà bí?

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìlú tí kò jẹ́ kí ọmọdé fi ọgbọ́n tirẹ̀ hàn, ọgbọ́n àná nìkan ni yóò máa jẹ.