Ta Ló Sọ Pé Ìwé Ìgbádùn Kì Í Ṣe Ìwé?

A ti gbọ́ ọ tó. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ìwé Yorùbá, ẹnì kan á dìde, á tún agbádá rẹ̀ ṣe léjìká, á ní ìwé yẹpẹrẹ ló ń ba èdè wa jẹ́. Ó ní ìwé gidi ni èyí tó bá gbé ìṣòro orílẹ̀-èdè lérí, tó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́, tó ṣeé fi ṣe ìdánwò. Níbi irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kan la ti la ẹnu wa sọ pé ohun tá a máa ń kà lálẹ́ tá a bá ti parí iṣẹ́ ni ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó rọrùn. Ẹ mọ irú ẹ̀: ìyá àgbà kan, tàbí obìnrin kan tó ń tajà, á fi ojú àti etí ara rẹ̀ wá ẹni tó jalè tàbí ẹni tó pààyàn rí, wọn ò ní da ẹ̀jẹ̀ sí wa lójú, gbogbo ẹ̀ á sì yanjú ká tó sùn. Ẹ̀rín ni wọ́n fi wá rín. Bàbá kan tiẹ̀ ní, "Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà yìí, eré ṣíṣe ò lè tán lára yín."

A ò fèsì lọ́jọ́ náà, torí pé bàbá wa ni wọ́n. Èsì wa rèé.

Mẹ́rin ni wá. Ọmọ Kàbbà ni mẹ́ta, ọmọ Ìyàgbà lẹnì kẹrin. Gbogbo wa ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà la kà ní yunifásítì, kóòdù la sì ń kọ jẹun. Ẹni tó bá rò pé eré ni wíwá ọ̀daràn nínú ìwé, kó wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa láago méjì òru nígbà tí owó oníbàárà bá kúrò níbì kan tí kò dé ibì kejì. Kálukú á ní òun kọ́. A ó wá jókòó ti àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, ká máa kà á lẹ́sẹẹsẹ: ta ló wọlé, aago mélòó, kí ló fọwọ́ kàn, kí ló sọ kó tó jáde. Git, irinṣẹ́ tá a fi ń tọ́jú kóòdù, ní àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní blame, tó máa fi orúkọ ẹni tó fọwọ́ kan ìlà kọ̀ọ̀kan kẹ́yìn hàn wá. Ó sì ti yé wa tipẹ́ pé orúkọ tó bá jáde níbẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ẹlẹ́bi. Ẹni tó máa ń rí òótọ́ náà kì í sábà jẹ́ ọ̀gá pátápátá. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, tí kò tíì mọ̀ pé ìbéèrè òun jọ ti òmùgọ̀. Nítorí náà, tá a bá gbé ìwé tí ìyá àgbà kan ti ń béèrè ìbéèrè òmùgọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ilé wa la dé yẹn.

Obìnrin tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn olùwádìí wọ̀nyí ni Miss Marple tí Agatha Christie dá sílẹ̀. Inú ìtàn kúkúrú kan ní 1927 ló ti kọ́kọ́ jáde, ó sì ní odindi ìwé tirẹ̀ ní 1930. Abúlé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní St Mary Mead ló ń gbé. Kò lọ́kọ, kò níbọn, kò ní káàdì ọlọ́pàá. Òwú ló ń hun. Ohun ìjà rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó mọ èèyàn: tí àlejò kan bá ń pọ́n ẹnu lá, á rántí pé báyìí gan-an ni ẹnì kan ní abúlé àwọn ṣe ṣe lọ́dún kan, kó tó di pé owó sọnù. Ẹ̀yin ará Kàbbà, ẹ dákun, ṣé obìnrin yìí ò jọ ẹnì kankan tẹ́ ẹ mọ̀? Àwa mọ mẹ́ta ládùúgbò kan ṣoṣo.

Ní 1998, Alexander McCall Smith, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí wọ́n bí sí Zimbabwe, tó tún jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin, gbé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ wá sí Gaborone ní Botswana. Precious Ramotswe lorúkọ rẹ̀. Ó ta màlúù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó fi owó rẹ̀ ṣí ọ́fíìsì ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ó ra tíì, ó gba akọ̀wé kan tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé òun gba máàkì 97 nínú ọgọ́rùn-ún nílé ẹ̀kọ́ akọ̀wé. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé wá bá a kì í ṣe ti ìpànìyàn rárá. Ọkọ tó ń yọ́ lọ síbi tí kò yẹ ni, tàbí ẹni tó ń pera rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́. Gbogbo ayé ló rà á. A ò bínú sí òyìnbó náà o. Ara wa là ń bínú sí, pé òyìnbó ló wá rí i pé ìlú aláwọ̀ dúdú, níbi tí gbogbo èèyàn ti mọ ìyá gbogbo èèyàn, ló dáa jù fún irú ìtàn yìí.

Ẹ wo Kàbbà fúnra rẹ̀. Obìnrin oní-POS tó wà lójú oríta mọ ẹni tówó wọlé fún, ó mọ ẹni tó ń gba ẹgbẹ̀rún méjì lójoojúmọ́ tó wá gba ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó ń tẹ nọ́ńbà. Nígbà tí kajú bá so, àwọn oníṣòwò á dé pẹ̀lú òṣùwọ̀n, kò sì sí àgbẹ̀ tí kò ní fura pé òṣùwọ̀n ẹnì kan ń jalè. Ìwé odindi nìyẹn: òṣùwọ̀n ta ni, ta ló tún un ṣe, kí ló dé tí ọmọ tó máa ń bá wọn gbé àpò ò wá síṣẹ́ lónìí? Ní Bùnú, wọ́n ní aṣọ pupa tí wọ́n ń pè ní aṣọ ìpò, èyí tí wọ́n ń lò nígbà òkú àwọn àgbà olóyè. Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀kan pòórá nínú àpótí ìdílé nígbà tí ìsìnkú ku ọjọ́ mẹ́ta. Ta ló lè tà á, ta ló sì lè rà á tí ojú ò ní dà bò ó? A ò tíì dárúkọ owó ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì o. Ẹ jẹ́ ká fi ti ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ná.

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni. Irọ́ ni. Ní 1969 ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde, Àgbàlagbà Akàn sì tẹ̀ lé e ní 1971. Lápàdé tó wà nínú wọn, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ mọ́, síbẹ̀ kò lè jókòó sílé kó má tojú bọ ọ̀ràn tí kò kàn án, òun pẹ̀lú Tàfá Ìgìrìpá. A gbà pé ìwé Òkédìjí kì í ṣe ìwé jẹ́jẹ́; ìjà wà níbẹ̀, ìbọn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́, àti òwe tó ń jáde lẹ́nu èèyàn bí ìgbà tí èèyàn ń bú omi? Kọ́lá Akínlàdé náà kọ Owó Ẹ̀jẹ̀, ó kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló kà wọ́n nílé ìwé lábẹ́ tábìlì nígbà tí olùkọ́ ń kọ́ wa ní nǹkan mìíràn. Ìwé tí ọmọdé ń jí kà! Èwo nínú àwọn ìwé wíwúwo tẹ́ ẹ̀ ń yìn ni ọmọdé ń jí kà? A ní igi tó ti ń so, a ní èso rẹ̀ ò wúwo tó, a fi í sílẹ̀, igbó bò ó.

Ẹjọ́ tó le kù, a ò sì ní sá fún un. Wọ́n ní ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń pààyàn láìrí ẹni mú, ìwà àìláàánú ni kéèyàn máa fi ìpànìyàn ṣe ìgbádùn. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá 1986 ni wọ́n fi bọ́ǹbù inú àpò ìwé pa Délé Gíwá, olóòtú Newswatch, nínú ilé rẹ̀ n'Íkẹjà. Títí dòní, ìbéèrè la fi ń rántí rẹ̀: ta ló pa á? Ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá 2001, wọ́n pa Bọ́lá Ìgè nínú ilé rẹ̀ n'Íbàdàn, nígbà tó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́ fún gbogbo Nàìjíríà. Tí wọn ò bá rí ẹni tó pa olórí ètò ìdájọ́ fúnra rẹ̀, ta wá ni àwa? Àwa ọmọ Okun náà sì mọ ohun tí ojú ọ̀nà ti di. Kò sẹ́ni tó ń kúrò ní Kàbbà lọ sí Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin báyìí tí kò ní gbàdúrà kó tó jókòó sínú mọ́tò, kó tún fóònù tó bá dé.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká sọ ẹni tó kọ́ wa ní ìwé yìí kíkà. Ìyá kan ni, ìyàwó àbúrò bàbá ọ̀kan nínú wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n dá ọkọ wọn lọ́nà, wọ́n sì pa á. Màmá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀mejìlá. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá lọ, ọlọ́pàá tuntun ni wọ́n ń bá, á ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ò rí fáìlì mọ́. Wọ́n ò lọ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùgbọ́n Ramotswe wà lórí tábìlì wọn, pẹ̀lú Marple tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀. A bi wọ́n léèrè, a fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ikú inú ìwé ò dùn wọ́n.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ibẹ̀ yẹn, ẹnì kan ń wá a."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìwé wọ̀nyí ń fi ikú ṣeré, gbólóhùn yẹn ni kẹ́ ẹ fèsì sí, ẹ fi tiwa sílẹ̀. Ìwé wíwúwo yín ń sọ fún Màmá pé ìlú ti bàjẹ́. Wọ́n mọ̀! Àwọn ni wọ́n bàjẹ́ lé lórí. Ìwé tẹ́ ẹ̀ ń fojú di ló ń sọ fún wọn pé ikú ẹnì kan ṣoṣo tó nǹkan débi tí aládùúgbò á fi pa ọbẹ̀ rẹ̀ tì lórí iná, kó máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà títí yóò fi rí ìdí rẹ̀. Ẹni tí ojú ọgbẹ́ tirẹ̀ ṣì tutù, tí kò lè kà á, kó má kà á. A ò fi dandan mú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò pàdánù ẹnì kankan má wá máa fi orúkọ àwọn tó pàdánù dá wa lẹ́kun.

Ọ̀ràn èdè ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ni Màmá fi ń ka gbogbo ìwé wọn, torí kò sí ti Yorùbá tuntun. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ń gbọ́ Owé díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Nínú gbogbo ìwé ìtàn Yorùbá táwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kà nílé ìwé, kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Kàbbà, kò sí èyí tẹ́nì kan ti kí ẹnì kejì pé "Okun o". Ìlànà ìjọba kó wa sí Àríwá, ó kó wa sí Kwara ní 1967, ó kó wa sí Kogi ní 1991. Àwọn atẹ̀wétà Ìbàdàn àti Èkó náà ń ṣe bíi pé ìtàn Yorùbá dópin ní Ìlọrin. Ọmọ ọdún méjìlá ò ní ka ìwé kan torí pé èdè ń kú. Á kà á torí pé ó fẹ́ mọ ẹni tó jí aṣọ. Ẹ̀yin olóòtú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣètò ìdíje, ẹ yàn án sí ìwé tẹ́ ẹ̀ ń wá. Ẹ yéé sọ fún àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé pé kí wọ́n "jinlẹ̀ sí i" nígbà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n kọ ti dùn tẹ́lẹ̀.

Àwa ò kàn ń sọ̀rọ̀ lásán. A ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan, ti òṣùwọ̀n kajú, obìnrin oní-POS ló ń wá ìdí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò ni òǹpìtàn ń sọ, àwọn ará ọjà ń sọ Owé, ọmọ Ìyàgbà inú wa sì ń jà pé ká fún tàwọn náà láyè. A tẹ orí méjì àkọ́kọ́, a gbé e lọ fún Màmá. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi kà á, wọ́n fi bírò pupa sí i lára bí ìwé akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní ó dáa, àmọ́ irọ́ wà ní ojú ewé kẹsàn-án. Wọ́n ní kò sí bí obìnrin oní-POS ṣe lè gbàgbé bàtà ọkùnrin tó jókòó síwájú rẹ̀ fún odindi wákàtí kan, àfi tó bá ń fi nǹkan pamọ́ fún wa. Wọ́n wá wò wá lójú.

"Àbí òun náà mọ̀ sí i?"

A ò tíì ronú kan ìyẹn. A ti ń tún orí kejì kọ.