Kọ́mà Tí Ń Pa Ètò Kọ̀ǹpútà

Àwọn kan a máa sọ pé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kò mọ ojúsàájú. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Bonapriso, àdúgbò kan nínú ìlú Douala ní Kamẹrúùnù, kí ẹ̀yin olùkọ́ sì bá wa ṣe ìṣirò kékeré kan níbẹ̀.

Ká ní akọ̀wé ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan fẹ́ kọ ìwọ̀n ẹrù tí ó gúnlẹ̀ sí èbúté: tọ́ọ̀nù méjìlá àti ààbọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ Faransé ni ó lọ, nítorí náà 12,5 ni ó kọ. WPF ni a fi ṣe ètò tí ó wà níwájú rẹ̀, irin-iṣẹ́ tí Microsoft gbé jáde ní 2006. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, okùn kan tí a kò fojú rí ni ó so àpótí tí akọ̀wé ń kọ nǹkan sí mọ́ ibi tí nọ́ńbà ń gbé. Bí ẹni tí ó kọ ètò kò bá sọ èdè tí okùn náà yóò fi kàwé, Gẹ̀ẹ́sì ti Amẹ́ríkà ni yóò lò, ì báà jẹ́ Faransé ni a fi gbogbo ẹ̀rọ náà sí. Lójú ará Amẹ́ríkà, kọ́mà wulẹ̀ ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀ ni. Ẹ̀rọ yóò fo kọ́mà náà, 12,5 yóò sì di 125, láìpariwo rárá.

Lójú tiwa, ètò tí ó kú lójijì sàn ju èyí lọ. Òun náà sì wà. Bí ẹni tí ó kọ ètò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ògbufọ̀ tí yóò máa sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà lórí okùn yẹn, tí ògbufọ̀ náà ń retí kọ́mà, tí akọ̀wé mìíràn láti Buea, tí ó kàwé ní Gẹ̀ẹ́sì, sì kọ 12.5, ògbufọ̀ yóò kọsẹ̀. WPF kì í bá a di irú ìkọsẹ̀ bẹ́ẹ̀ mú. Gbogbo ètò yóò wó, pẹ̀lú iṣẹ́ tí a kò tíì fi pamọ́. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni èdè ìjọba Kamẹrúùnù. Tábìlì kan náà ni àwọn akọ̀wé méjèèjì lè jókòó sí.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ Douala kò kàn wá, ẹ rántí pé ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà sáàárín ilẹ̀ Yorùbá. Lónìí, ọmọ Kétu ń kọ 12,5. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ń kọ 12.5. Ta ni nínú wọn kì í ṣe Yorùbá?

Nígbà tí ètò bá kú, a máa ń gbọ́ pé kí a pa ẹ̀rọ, kí a tún un tàn. Ọ̀lẹ ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀! Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ a máa kọ irú àṣìṣe náà sílẹ̀, ó sì yẹ kí a kà á. Ìlà kan péré, ní ìbẹ̀rẹ̀ ètò, ni a fi ń sọ fún okùn pé kí ó lo èdè tí ẹ̀rọ ń lò. Ògbufọ̀ tí kò bá mọ nọ́ńbà lè dá UnsetValue padà dípò kí ó ṣubú.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ kò pọ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ 12,5, kí ó kọ 12.5, kí ó fi àpótí náà sílẹ̀ lófìfo, kí ó tó gba máàkì.