Ta Ní Pàṣẹ Pé Kí Ẹsẹ̀ Wú?

Ìyá kan tí ń ta aṣọ bi mí léèrè pé, “Tíṣà, ẹ̀gún kékeré ni ó gún ọmọ mi, kí ló dé tí gbogbo ẹsẹ̀ fi wú?” Mo dá wọn lóhùn pé ẹ̀gún kọ́ ni ó wú ẹsẹ̀ náà, ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, ìwé àṣẹ kan wà tí a ń pè ní DNA. A kì í gbé e jáde; dídà ni a ń dà á kọ, ẹ̀dà rẹ̀ ni RNA. Ẹni tí ń pàṣẹ pé kí a da ojú ewé ìjà kọ ni NF-kappa-B, tí Ranjan Sen àti David Baltimore ròyìn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1986. Ní ọjọ́ àlàáfíà, ẹ̀ṣọ́ kan dì í mú lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí kòkòrò àrùn bá bá ẹ̀gún wọlé, sẹ́ẹ̀lì a pa ẹ̀ṣọ́ náà run, òun a sì wọlé tọ ìwé lọ. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé, lára ohun tí ó ń ní kí a dà kọ ni àṣẹ pé kí a ṣe ẹ̀ṣọ́ mìíràn, tí yóò tún wá mú òun náà! Ì bá dára bí àwọn alága ẹgbẹ́ wa bá lè ṣe bẹ́ẹ̀.

A óò gé ọ̀rọ̀ tí kò wúlò kúrò nínú ẹ̀dà kí a tó lò ó. Ní ìrù ẹ̀dà TNF, èyí tí ń fa wíwú àti ibà, àmì kan wà tí ó dà bí ẹni ń wí pé, “Ẹ tètè ya mí.” Purotéènì tí ń jẹ́ tristetraprolin ni ó ń rí sí yíya náà. Ní 1996, a ròyìn àwọn eku tí kò ní in lára: wọ́n rù, oríkèé wọn sì wú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gún kankan kò gún wọn.

Oògùn bíi dexamethasone àti prednisolone ń dá NF-kappa-B lẹ́kun, wíwú a sì fà. Oògùn rere ni, lọ́wọ́ dókítà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń dá a lò fún ìgbà pípẹ́, àrùn a máa rí àyè wọlé sí i lára, ṣúgà lè gòkè, egungun lè di ẹlẹgẹ́. Bí ó bá sì dá a dúró lójijì, ó lè dá a wólẹ̀, nítorí ara ti gbàgbé bí a ti ń ṣe irú rẹ̀.

Ìyá dákẹ́. Wọ́n ki ọwọ́ sínú báàgì, wọ́n mú páálí kan jáde, wọ́n ní oṣù kẹrin nìyí tí àwọn ti ń lò ó fún orúnkún. Mo kà á: prednisolone ni. Mo ní, “Ìyá, ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín, dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.” Ọjọ́ Ajé ni a jọ lọ sí ọsibítù.