Lẹ́tà Gbangba sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́: Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Kọmíṣánnà Kó Ipa Mẹ̀kúnnù

Ọlọ́lá Jùlọ,

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo mú wá, kò sì ní náni lówó púpọ̀: kí gbogbo kọmíṣánnà, akọ̀wé àgbà ilé-iṣẹ́ ìjọba àti alága káńsù 33 tó wà ní ìpínlẹ̀ yìí kópa nínú eré ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọn yóò ti ṣe bíi mẹ̀kúnnù, kí wọ́n tó tún gbé òfin tàbí owó tuntun lé ará ìlú lórí.

Irú eré bẹ́ẹ̀ ti wà. Ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Missouri Community Action Network ló ni èyí tí a mọ̀ jù. Wọn á pín àwọn tó wá sí ìdílé-ìdílé: ẹnìkan á di ìyá tó ń dá tọ́mọ, òmíràn á di bàbá tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òmíràn á di arúgbó tó ń dá gbé. Tábìlì á yí gbọ̀ngàn ká: ilé-ẹ̀kọ́, báńkì, ibi iṣẹ́, onílé, ayánilówó tó ń gba ìdógò. Ìṣẹ́jú 15 ni ọ̀sẹ̀ kan, oṣù kan á sì parí láàárín wákàtí kan. Ẹni tí kò bá ní ìwé ìwọkọ̀ lọ́wọ́ kò lè dé ìdí ọ̀pọ̀ tábìlì. Ibẹ̀ ni ojú ti ń là. Ọ̀gá tó mọ ìwé, tó mọ ìṣirò, á tò sí báńkì títí ibi iṣẹ́ á fi tì. Bó bá san owó ilé, oúnjẹ á wọ́n. Kí oṣù tó parí, ẹni tó máa ń béèrè pé kí ló dé tí àwọn tálákà kì í fowó pamọ́ á ti wà lọ́dọ̀ ayánilówó, yóò máa bẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ìjọba yín rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àkókò ni òṣì ń jẹ jù. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, tí wọ́n ní kó wá gba fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ ní sẹkitéríàtì, ọjà òòjọ́ rẹ̀ ló fi ra fọ́ọ̀mù náà, bí wọ́n tilẹ̀ ní ọ̀fẹ́ ni. Owó ọ̀kadà wà níbẹ̀, èèlò ọbẹ̀ alẹ́ wà níbẹ̀, owó gbọ́múléláńtà, ẹ̀yáwó tí èlé rẹ̀ ga, tó gbọ́dọ̀ san lọ́sẹ̀ yẹn kò sì ní dúró dè é. Bí òṣìṣẹ́ kan bá sọ fún un pé "ẹ padà wá lọ́la," òṣìṣẹ́ náà rò pé ọjọ́ kan péré lòun sún síwájú. Oúnjẹ àwọn ọmọ obìnrin náà ló mú kúrò lórí iná.

Lọ́dún 2022, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ kéde pé mílíọ̀nù 133 ọmọ Nàìjíríà ló wà nínú òṣì tí wọ́n fi ìlera, ẹ̀kọ́, ọ̀nà àtijẹ àti bí èèyàn ṣe ń gbé wọ̀n. Iye náà wà lórí tábìlì gbogbo ìjọba. Síbẹ̀, iye kò lè fi han kọmíṣánnà bí ìdíwọ́ kan ṣe ń bí òmíràn láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n kí a má kó eré Missouri wá bó ṣe rí. Ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa ní Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn. Kí tábìlì alájọ wà, ti gbọ́múléláńtà, ti àgbèrò, ti ilé ìwòsàn, ti onílé tó fẹ́ gba owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà. Kí àwọn aláàárù, oníṣòwò kéékèèké àti awakọ̀ jẹ́ olùkọ́, kí wọ́n jókòó sí ìdí tábìlì, kí ìjọba sì san owó iṣẹ́ wọn. Àwọn ló mọ ọ̀nà.

Àwọn kan yóò sọ pé wákàtí kan kò lè kọ́ni ní ohun tó ti ń jẹ ẹlòmíràn níyà láti ìgbà èwe. Òótọ́ ni. Ọ̀gá mọ̀ pé eré yóò parí. Mẹ̀kúnnù kò mọ ìgbà tí tirẹ̀ yóò parí. Ohun tí a bá ṣe lẹ́yìn eré ló máa sọ bóyá ó wúlò. Augusto Boal, eléré orí ìtàgé ní Brazil, fi èyí hàn nígbà tó jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú Rio de Janeiro láti 1993 sí 1996. Àwọn ará àdúgbò fi ìṣòro wọn ṣeré, òǹwòran dìde wá fi ohun tí òun ìbá ṣe hàn, Boal sì gbé ohun tó jáde níbẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀. Mẹ́tàlá (13) nínú àwọn àbá náà di òfin, lára wọn ni èyí tó ní kí ilé ìwòsàn ní dókítà tó mọ̀ nípa àìsàn àwọn arúgbó.

Nítorí náà, kí akọ̀wé kọ gbogbo ìdíwọ́ tí eré bá tú síta sílẹ̀. Kí kọmíṣánnà kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan tó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, kó sì jíhìn fún ará ìlú láàárín 90 ọjọ́. Láti Ìbàdàn yìí ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti mú owó ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò lọ́nà àwọn ọmọ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní January 1955. Ìjọba tó bá rí ìdíwọ́ lè gbé e kúrò.

Ọlọ́lá Jùlọ, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ jókòó sí ìdílé àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ti jókòó, kọmíṣánnà kankan kò ní rán igbákejì rẹ̀ wá.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan