Ojú Tí Kò Mọ Àwòrán Kà

Gbogbo wa ni a gbà pé ẹni tí kò mọ̀wé lè fi àtàǹpàkò tẹ ìwé tí yóò sọ ilẹ̀ baba rẹ̀ di ti ẹlòmíràn. Nítorí náà ni a ṣe ń rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ni ó ń kọ́ ọmọ bí a ti í ka àwòrán? Ọmọ tí kò mọ èyí náà ń fi àtàǹpàkò tẹ ìwé ẹlẹ́tàn. Kì í ṣe ilẹ̀ ni ó ń tà, ara òun tìkára rẹ̀ ni.

Ẹ wo erékùṣù Fiji. Ẹni tí ó sanra ni wọ́n ń yìn níbẹ̀ láti ayébáyé. Ní ọdún 1995 ni tẹlifíṣọ̀n dé agbègbè Nadroga. Dókítà Anne Becker, ará Amẹ́ríkà, bi àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ léèrè ọ̀rọ̀ ní ọdún náà. Kò rí ẹyọ ẹnì kan tí ń mọ̀ọ́mọ̀ bì nítorí kí ó lè rù. Nígbà tí ó tún béèrè ní ọdún 1998, nǹkan bí 11 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó jẹ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ náà sì fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ń fẹ́ rí bí àwọn tí àwọn ń wò.

Níhìn-ín, àwọ̀ dúdú ni ìpolówó ọjà ń bá jà. Ọmọ rí wúńdíá kan lórí fóònù tí ara rẹ̀ ń dán bí ẹyin. Ó sáré ra ìpara. Kò mọ̀ pé iná ni ó mú àwọ̀ náà mọ́lẹ̀, pé ẹ̀rọ ni ó pa àpá rẹ́, àti pé ẹni tí ń ta ìpara ni ó sanwó àwòrán. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìpara abóra kan wà tí mákúrì wà nínú wọn, èròjà olóró tí ń ba kíndìnrín jẹ́.

Àwọn kan wí pé kí a gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, kí ọ̀rọ̀ tán. Ṣé a ó wó pátákó ìpolówó tí ó wà ní ìkóríta pẹ̀lú? Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ òbí ni. Òbí tí òun pàápàá ń bóra, kí ni yóò fi kọ́ ọmọ rẹ̀? Òmíràn ní a ti ń sọ fún wọn pé ìwà lẹwà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe kan ṣoṣo kò lè dá dojú kọ ẹgbẹ̀rún àwòrán. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 1017 + 1000, èyíinì ni 2017, òfin ti pàṣẹ pé bí a bá fi ẹ̀rọ sọ ẹni inú àwòrán ìpolówó di tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí sísanra, kí a kọ ọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò lè bá ọmọ wọ yàrá; ẹ̀kọ́ ni ó lè bá a wọ ibẹ̀.

Ohun tí mo ń bèèrè kò wọ́n. Kí olùkọ́ mú àwòrán ìpolówó kan wá sí kíláàsì lọ́sẹ̀, kí àwọn ọmọ sì dáhùn ìbéèrè mẹ́rin: Ta ni ó ṣe é? Ta ni ó sanwó rẹ̀? Kí ni wọ́n yọ, kí ni wọ́n sì fi kún un? Kí ni ó ń fẹ́ kí n rà?

Ìwọ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, bí olùkọ́ rẹ kò bá tíì bẹ̀rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ fún ọ pé ara rẹ kò dára, wo ọwọ́ rẹ̀ dáradára: ọjà ni ó gbé dání.