Ta Ni Ó Sọ Pé Yorùbá Kò Lè Kọ́ Ọmọ ní Kóróṣè?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di àkọ́sórí lẹ́nu ọ̀pọ̀ olùkọ́ iṣẹ́-ọwọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Wọ́n ní Yorùbá dára fún àlọ́, ó dára fún oríkì, ó sì dára fún ìkíni, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti jẹ́ èyí tí òyìnbó mú wá, irú bíi kóróṣè, kí Yorùbá bọ́ sí ẹ̀yìn kí Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà, wọ́n ní, ni kí a fi kọ́ ọmọ. Irọ́ ni, ó sì ti pẹ́ jù kí ẹnìkan tó já irọ́ náà.

Orúkọ iṣẹ́ náà gan-an ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Èdè Faransé ni ‘crochet’ ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ‘ìkọ́ kékeré’ lọ. Àwọn Faransé wo irin tí ó tẹ̀ lórí, wọ́n sì pè é ní ohun tí ojú wọn rí. Ohun tí àwọn ará Jámánì náà ṣe nìyẹn. Ojú òwú tí ń so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, ‘ojú afẹ́fẹ́’ ni wọ́n ń pè é ní èdè tiwọn. Èyí tí ó kúrú, ‘ojú líle’. Èyí tí ó ga, ‘ọ̀pá kékeré’. Àwọn ará Japan, tí kóróṣè jẹ́ àjèjì fún gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ fún Yorùbá, pe ti àkọ́kọ́ ní kusari-ami, èyí tí í ṣe ‘ojú ẹ̀wọ̀n’, wọ́n sì pe èyí tí ó ga ní naga-ami, ‘ojú gígùn’. Kò sí ẹni tí ó fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Òwú wọn kò tú, fìlà wọn kò sì ya.

Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn kan ni Gẹ̀ẹ́sì ń sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìbá sàn. Ṣùgbọ́n ilé Gẹ̀ẹ́sì ti pín sí méjì. Nínú ìwé tí ó ti Amẹ́ríkà wá, bí wọ́n bá kọ ‘double crochet’, òṣìṣẹ́ ní láti wé òwú mọ́ ìkọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ó tó ki ìkọ́ bọ inú ojú. Nínú ìwé tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, ‘double crochet’ kan náà kò ní wíwé kankan. Ojú tí ó kúrú ni, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní ‘single’. Ìwé méjèèjì yìí sì ni ó ń wọ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà láìsí ìkìlọ̀. Ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó fẹ́ hun fìlà ọmọ-ọwọ́. Ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láàárín pẹ̀lú ojú 6, kí ó sọ ọ́ di 12, kí ó sọ ọ́ di 18, kí ó sọ ọ́ di 24, kí orí fìlà lè tẹ́ pẹrẹsẹ kí ó tó máa sọ̀ kalẹ̀. Ìyá ọmọ fi ojú Amẹ́ríkà kà á. Ojú gíga ni ó ń hun, ojú gíga kò sì lè tẹ́ bí kò bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí 12. Kí ó tó dé ìlà kẹta, fìlà ti ká bí ìgbá. Ó tú u, ó tún un hun, ó tún ká. Níkẹyìn ó jù ú sílẹ̀, ó ní òun kò ní ọwọ́ iṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe ohunkóhun; èdè tí wọ́n fi kọ́ ọ ni kò bá ara rẹ̀ mu.

Yorùbá lè tún èyí ṣe, nítorí kò sí nínú ìjà àwọn méjèèjì. Kí wọ́n ka iye ìgbà tí a wé òwú mọ́ ìkọ́ kí ìkọ́ tó wọlé, kí orúkọ sì tẹ̀lé e. Èyí tí kò ní wíwé rárá, ‘ojú kúkúrú’. Èyí tí a wé lẹ́ẹ̀kan, ‘ojú gíga’. Èyí tí a wé lẹ́ẹ̀mejì, ‘ojú gogoro’. Èyí tí a wé lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n tí a fa òwú gba inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀ dípò méjì méjì, ‘ààbọ̀ gíga’. Ti ìbẹ̀rẹ̀ ni ‘ojú ẹ̀wọ̀n’, èyí tí ó kàn ń so ìparí ìlà mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ni ‘ojú ìsopọ̀’. Bí a bá fẹ́ gun òkè sí ìlà tuntun, ẹ̀wọ̀n 1 ni fún ojú kúkúrú, 2 fún ààbọ̀ gíga, 3 fún ojú gíga, 4 fún ojú gogoro. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò gbọ́ èyí lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní ṣì í mú. Bí ẹnìkan bá ní orúkọ tí ó sàn jù wọ́n, kí ó mú un wá. Orúkọ ni ó yẹ kí a máa jiyàn lé lórí, kì í ṣe bóyá Yorùbá lè sọ ọ́.

Àbí èdè wo ni ó sọ irun dídì lórúkọ? Ṣùkú, pàtẹ́wọ́, ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀: ta ni ó dúró de ìwé òyìnbó kí ó tó pè wọ́n bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ilé alájà púpọ̀ dé ìlú, àwọn onídìrí fi òwú gbé irun sókè, wọ́n pè é ní onílé-gogoro, wọ́n sì kọjá lọ. Ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn mọ sányán yàtọ̀ sí àlàárì, ó mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ẹtù. Apẹja ń pe ihò àwọ̀n ní ojú, òun ni kóróṣè náà yóò sì yá, nítorí òwú tí a so kọ́ òwú ni àwọn méjèèjì.

Àwọn kan yóò ní eré ọwọ́ àwọn obìnrin ni gbogbo èyí, ohun tí wọ́n ń tẹ́ sórí rédíò àti ẹ̀yìn àga, kò tó ohun tí ẹ̀ka Yorùbá ń bá wí. Ní ọdún 1997, Daina Taimina, onímọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, mú ìkọ́ àti òwú, ó ń fi ojú kún ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n kan náà títí iṣẹ́ náà fi ń ṣẹ́ po bí etí ewé. Ohun tí ó hun jẹ́ àwòṣe irú ojú kan nínú jiọ́mẹ́tírì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi pépà lẹ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ń ya mọ́ wọn lọ́wọ́. Eré ọwọ́ náà nìyẹn. Ẹ̀rọ ń hun súwẹ́tà. Kóróṣè ojúlówó tí ń bẹ lọ́jà, ọwọ́ ènìyàn ni ó ti wá.

Nígbà tí Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ní ọdún 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 1984, Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde. Ó sọ ọ̀rọ̀ gírámà àti lítíréṣọ̀ lórúkọ, kò kan ìkọ́ àti òwú. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí a fi máa kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé a ti wọ́gi lé e, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a padà sí. Àwọn tí ó yọ̀ sí ìkéde yẹn ń bèèrè pé ọ̀rọ̀ wo ni Yorùbá ní fún iṣẹ́ òde òní. Bí ẹ̀ka Yorùbá bá dákẹ́, wọn yóò gbà pé kò sí.

Iṣẹ́ náà kò pọ̀. Kí olùkọ́ Yorùbá kan àti olùkọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú-ilé kan jókòó ti ìkọ́ kan àti òwú kan, kí wọ́n máa hun, kí wọ́n máa sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan sì máa kọ ọ́ sílẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kí ìwé pélébé náà wà lọ́wọ́ àwọn tí yóò lọ dán iṣẹ́ olùkọ́ wò ní sáà tí ń bọ̀, kí wọ́n kó àṣìṣe inú rẹ̀ padà wá láti kíláàsì.