Ọjà Oògùn Kò Gbọdọ̀ Padà sí Niger Street

Irọ́ ni àwọn tó ń sọ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń pa àgbà ń pa. Arúgbó 3,845, tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló kópa nínú ìwádìí HYVET tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2008. Indapamide ni àwọn kan lò, wọ́n sì ń fi perindopril kún un fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Oògùn tí kò ní agbára kankan nínú ni wọ́n fún àwọn yòókù. Ikú fi ìdá 21 nínú 100 dín kù lọ́dọ̀ àwọn tó lo ojúlówó. Oògùn ò jẹ̀bi. Ọjà tí wọ́n ti ń tà á ló jẹ̀bi.

Ta ni kò mọ Niger Street, ọjà oògùn tó wà ní Sábó Kano? Ìyá àgbà á fi páálí oògùn tó ti tán rán ọmọ ọmọ rẹ̀, ọlọ́jà á wo páálí, á gbowó, ó parí. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá òòyì ń kọ́ màmá tó bá dìde. Bẹ́ẹ̀, nínú HYVET gan-an, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru arúgbó lórí ìdúró kí wọ́n tó gbà á wọlé, nítorí àgbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá já wálẹ̀ lójijì lè ṣubú, kí egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Bí orúnkún bá tún ń ro ìyá yìí, diclofenac, oògùn ìrora, ni wọn yóò bá a dì mọ́ ọn. Lisinopril àti Moduretic, tí í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pẹ̀lú diclofenac: bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé lára àgbàlagbà, wọ́n lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Apòògùn tó kàwé mọ èyí. Ẹni tó kàn ń ta ọjà kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún 2018, wọ́n rí èròjà tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ nínú valsartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, tí iléeṣẹ́ kan ní Ṣáínà ṣe. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nọ́ńbà ara páálí ni wọ́n fi wá a kàn tí wọ́n fi gbà á padà. Ní ọjà tí kò sí àkọsílẹ̀ ẹni tó rà, ta ni wọn yóò wá lọ?

Ìdí nìyí tí mo fi wà lẹ́yìn àṣẹ tí ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ pa ní Kano lóṣù kejì ọdún 2024, pé kí àwọn oníṣòwò oògùn kó kúrò ní Niger Street lọ sí ọjà oògùn tuntun ní Dangwauro. Àjọ PCN, tó ń bójú tó iṣẹ́ apòògùn, ti ṣọ́ọ̀bù tó lé ní 1,300 pa. Àwọn kan ní Dangwauro jìnnà. Ó jìnnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjà àwọn tó ń ra oògùn lọ́pọ̀ láti lọ tún un tà ni. A kò ní kí arúgbó kankan lọ síbẹ̀. Famasí tó ní apòògùn àti ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀ ni ó yẹ kó wà nítòsí rẹ̀, kí ìjọba sì bá a gbé lára owó oògùn náà, torí ọ̀wọ́n oògùn ló ń lé tálákà lọ sójú pópó.

Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ṣí Niger Street padà, kó kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tí yóò wọn ẹ̀jẹ̀ ìyá àgbà kí wọ́n tó ka oògùn sí i lọ́wọ́.